Ìka Tó Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Bí Dráìfù Bá Já Lẹ́nu Iṣẹ́ Nílẹ̀ Yewa

Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójijì ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlaró tàbí Ayétòrò, ìdí dráìfù ni òṣìṣẹ́ ń sáré lọ, ìyẹn àpótí tó ń darí mọ́tò iná, á sì tẹ rísẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ bá gbéra, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí ó bá tún já, á tún un tẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, nǹkan á dún gbàmù, èéfín á rú, àpótí olówó gọbọi á di ti onírin àlòkù. Ẹni tó ni ín á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, dráìfù náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tó já ló wí tẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé kí ló dé.

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Nínú ẹjọ́ dráìfù, afurasí mẹ́rin ló máa ń wà nílẹ̀: iná tó ń wọlé, dráìfù fúnra rẹ̀, mọ́tò pẹ̀lú wáyà tó lọ bá a, àti ẹrù tí mọ́tò ń yí. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ̀ kì í náwó lásán. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa gé ìka tí kò ṣẹ̀, ọwọ́ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ó tó kan èyí tó ṣẹ̀.

Dráìfù tí à ń wí yìí kì í ṣe inverter oníbátìrì tí à ń lò nílé. Ti ilé ń mú iná bátìrì tan gílóòbù àti fáànù nígbà tí nẹ́pà bá mú iná lọ. Èyí ń sọ fún mọ́tò iná bí yóò ṣe yára tó, bí yóò ṣe gbéra, àti bí yóò ṣe dúró.

Bí dráìfù ṣe kàn wá

Ní Ìbèsè, ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote wà níbẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí i ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2012, mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù lọ́dún ni agbára rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù 12. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, mọ́tò iná ló ń yí ààrò ńlá, òun ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, òun ló ń gbé òkúta lọ lórí bẹ́líìtì. Dráìfù ló ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ wá kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá, ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ, tàbí kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iná oòrùn fà. Dráìfù tibẹ̀ lè má ju ti mọ́tò kílówáàtì 2.2 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Ohun tó ń já ńlá náà ló ń já kékeré.

Ọ̀rọ̀ owó ló sọ dráìfù di ohun tí èèyàn ń bèèrè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àwọn aṣọ́bodè gba àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tí kò bá tó kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Ìdí-Ìrókò àti àwọn ìletò tó yí i ká bọ́ sínú àṣẹ náà, ẹni tó gbójú lé jẹnẹrétọ̀ sì mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná jù, láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225.

Níbi tí owó iná bá ga tó báyìí, àǹfààní dráìfù kò ṣòro láti rí. Fáànù ńlá tàbí pọ́ọ̀ǹpù tí a bá dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdá 80 nínú 100, nínú ìṣirò, agbára tó máa gbà kò ju nǹkan bí ìdá 51 lọ, nítorí bí ìyára ṣe ń dín kù díẹ̀, agbára ń já wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè yẹn wọlé, ṣùgbọ́n àpótí tó ń mú un wá ní làákàyè tirẹ̀, ó sì ń bínú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí

Irú mọ́tò tó pọ̀ jù nílé iṣẹ́ lónìí ti dàgbà. Lọ́dún 1888 ni Nikola Tesla gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mikhail Dolivo-Dobrovolsky, tó ń ṣiṣẹ́ fún AEG ní Jámánì, ṣe ti tíríì-féèsì tó jọ èyí tí à ń lò. Ó lágbára, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé Hz iná, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń sọ bí ó ṣe máa yára tó. Lórí iná 50 Hz tiwa, mọ́tò olójú òòfà mẹ́rin kò ní kọjá ìyípo 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó rọra yí gbọ́dọ̀ yí Hz náà padà. Lọ́dún 1968, ilé iṣẹ́ Danfoss ní Denmark gbé VLT jáde, dráìfù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu fún títà, láti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni nẹ́pà ń gbé wọlé. Dráìfù kọ́kọ́ sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ti bátìrì, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àwọn kàpásítọ̀. Bí 415 fólítì bá wọlé, nǹkan bíi 587 fólítì ni ẹ máa bá nínú kàpásítọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, àwọn swíìṣì tí kò ní irin tó ń sún, tí wọ́n ń pè ní IGBT, á gé iná yẹn wẹ́wẹ́, wọ́n á tún un tò di tíríì-féèsì tuntun, Hz tó bá wuni.

IGBT wọ̀nyí ló gbówó lórí jù, àwọn náà ló sì ń tètè kú jù. Bí wáyà méjì bá fara kan ara wọn nínú mọ́tò, kọ́ọ̀rẹ́ǹtì á ya wọlé. Ọ̀pọ̀ IGBT kò lè fara dà á ju nǹkan bí ìdá 10 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó jóná. Fíùsì kò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni dráìfù fi ń wọn ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń ti ìlẹ̀kùn kí nǹkan tó bàjẹ́. Jíjá tí ó ń já yẹn ni ààbò. Ẹni tó tẹ rísẹ́ẹ̀tì láì tún wáyà tó kanra ṣe, ìyà kan náà ló tún fi jẹ IGBT. Wọ́n lè fara dà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè fara dà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kò ní fara dà á títí.

Ohun tí kóòdù ń sọ

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù tirẹ̀, ìwé tó bá dráìfù wá ló yẹ kí ẹ gbà gbọ́. Síbẹ̀, ìdílé àìsàn wọn kò pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni kí fólítì kéré jù. Lọ́wọ́ alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń lọ aṣọ tí wọ́n sì ń dáná, 415 lè di 300. Ohun tó wà nínú kàpásítọ̀ á di nǹkan bíi 424, bí mọ́tò bá sì fẹ́ gbéra lásìkò yẹn, ó lè wálẹ̀ kọjá ibi tí dráìfù lè fara mọ́. Wáyà ńlá 330,000 fólítì tó ń gbé iná láti Ìkẹjà lọ sí Sakété ní Bẹ̀nẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti 2007, ó sì gba ẹnubodè ìpínlẹ̀ Ògùn wa kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dé ilé iṣẹ́ wa kò wá láti ara rẹ̀ tààrà. Ó gba tiransifọ́mà àdúgbò kọjá, ó gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó gba ojú ìso tó ti dógùn-ún. Bí kóòdù fólítì kékeré bá ń yọ ní aago kan náà lójoojúmọ́, ẹ má ṣí dráìfù. Ẹ wọn iná tó ń wọlé ní aago yẹn, láàárín féèsì kọ̀ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ sì yẹ ojú kọ̀ńtákítọ̀ wò bóyá ó ti jó. Fún dráìfù kànga oníná oòrùn, ìkùukùu nìkan tó láti mú kóòdù yìí wá. Oòrùn á padà, òun náà á padà.

Èkejì ni kí fólítì pọ̀ jù, èyí tó ń da ọ̀pọ̀ onímọ̀ iná láàmú. Wọ́n á wọn iná nẹ́pà, wọ́n á bá a ní 415 géérégé, síbẹ̀ dráìfù ń kígbe pé ó pọ̀ jù. Ìka tó ṣẹ̀ wà lódì kejì. Fáànù ńlá tó ti ń yí, a kò lè dá a dúró ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí agbára inú rẹ̀ sì pòórá. Mọ́tò á di jẹnẹrétọ̀, á máa da iná padà sínú kàpásítọ̀, fólítì á gòkè láti 587 lọ sí àádọ́ta dín ní ẹgbẹ̀rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, dráìfù á sì já. Oògùn rẹ̀ kò gbówó: ẹ fún un ní àkókò púpọ̀ sí i láti dúró, bíi ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí 40, tàbí kí ẹ jẹ́ kó yí títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ibi tó bá pọn dandan kí ẹ̀rọ tètè dúró ni wọ́n ti ń so rẹ̀sísítọ̀ tó ń sọ agbára náà di ooru. Tí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kóòdù náà ń yọ, iná tó ń wọlé ni kí ẹ mú. Láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹ̀ẹ̀mẹta ni gbogbo iná orílẹ̀-èdè yìí dànù. Nígbà tí iná bá ń padà bọ̀ báyẹn, ó sàn kí ẹ̀rọ wà ní pípa títí tí fólítì á fi fìdí múlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kọ́ọ̀rẹ́ǹtì àpọ̀jù. Ìbéèrè tó ń tú àṣírí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ìgbà wo ló já? Ọ̀pọ̀ dráìfù ló ń fi nọ́ńbà yà á sọ́tọ̀, bóyá ìgbà tó ń gbéra ni, ìgbà tó ń dúró ni, tàbí ìgbà tó ń sáré geere. Bó bá já lójú ẹsẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́, kí mọ́tò tó mira rárá, ẹ fura sí wáyà tó kanra tàbí IGBT tó ti kú. Bó bá já nígbà tó ń gbéra, àkókò tí a fún un lè kéré jù, tàbí kí ẹrù há. Bó bá já lójijì lẹ́yìn tó ti ń sáré dáadáa, ẹ wo ohun tó wọ ẹnu ẹ̀rọ. Egungun tó bọ́ sínú ẹ̀rọ ìlọ oúnjẹ adìyẹ kò ní ṣàì fara hàn lára kọ́ọ̀rẹ́ǹtì.

Ẹ̀kẹrin ni kí iná máa jò sínú ilẹ̀. Ti kànga ló pọ̀ jù níbẹ̀, pàápàá ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ nínú omi. Òjò oṣù kẹfà náà ń bá mọ́tò tí kò ní ìbòrí ṣeré bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó ni mẹ́gà 500 fólítì. Bí àbájáde rẹ̀ kò bá tó mẹ́góòmù kan, mọ́tò náà kò tíì yẹ kó gba iná. Ṣùgbọ́n ẹ tú wáyà mọ́tò kúrò lára dráìfù kí ẹ tó fi mẹ́gà kàn án. Iná mẹ́gà tó bá wọ dráìfù lè pa á, oníṣẹ́ náà ni yóò sì ti pa á.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹrù tó wúwo jù. Èyí kì í wá lójijì. Ọ̀pọ̀ dráìfù lè gbé ìdá 150 nínú 100 agbára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á ní ó tó. Bíárìnì tó gbẹ, bẹ́líìtì tó le jù, pọ́ọ̀ǹpù tó gbé iyanrìn mì, tàbí òṣìṣẹ́ tó ń rọ́ gbágùúdá sẹ́nu ẹ̀rọ kó lè tètè relé, gbogbo wọn ló ń bí kóòdù kan náà. Ìgbà míì, áńpù tí wọ́n kọ sínú dráìfù kò bá ti ara mọ́tò mu. Àwo orúkọ ara mọ́tò ni kí ẹ kà, kì í ṣe ohun tí ẹni tó tà á wí.

Ẹ̀kẹfà ni ooru, òun sì ni ọ̀rẹ́ ilẹ̀ wa. Ooru àyíká 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ dráìfù fún. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù. Àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń yan ti kọjá bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Eruku ọyẹ́, ìyẹ̀fun gbágùúdá àti eruku sìmẹ́ńtì á wá dí ihò afẹ́fẹ́, fáànù kékeré inú rẹ̀ á há. Gbogbo ìwọ̀n 10 tí ooru fi gòkè máa ń gé ẹ̀mí kàpásítọ̀ sí ìlàjì. Ẹni tó bá ń fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ fọn eruku kúrò lóṣooṣù ti fi owó dráìfù tuntun pamọ́.

Bí a ṣe ń ṣe ìwádìí

Ìwádìí tó dára bẹ̀rẹ̀ láti inú ìrántí dráìfù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń tọ́jú àwọn kóòdù tó ti kọjá, pẹ̀lú fólítì, kọ́ọ̀rẹ́ǹtì àti Hz tó wà lójú ọ̀nà nígbà tó já. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa bíréékà, kí ẹ sì dúró. Dráìfù kékeré lè fẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ńlá lè fẹ́ 10 sí 15. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Iná tó wà nínú kàpásítọ̀ lè pa èèyàn lẹ́yìn tí nẹ́pà ti lọ tán. Ẹ má gbára lé gílóòbù kékeré tó kú lójú rẹ̀. Ẹ fi mítà wọn ibi tí wọ́n kọ àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò sí, kó tó di pé ọwọ́ wọ inú ibẹ̀.

Nígbà tí ó bá ti dákẹ́ pátápátá, ẹ tú wáyà U, V àti W tó lọ bá mọ́tò kúrò. Ẹ gbé mítà sí ipò dáyóòdù, kí ẹ wò láti R, S, T, ibi tí iná ń gbà wọlé, sí àròpọ̀ àti àyọkúrò, lẹ́yìn náà láti U, V, W. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ jọra. Bí ọ̀kan bá ka òdo, IGBT tàbí dáyóòdù yẹn ti kú, rísẹ́ẹ̀tì kò sì lè jí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ tan dráìfù láì so mọ́tò mọ́ ọn, ní ipò ìdarí tó rọrùn jù. Bó bá tún já lójú ẹsẹ̀, òun ló ṣẹ̀. Bí kò bá já, ó ti mọ́, ẹ lọ bá mọ́tò, wáyà àti ẹrù. Ìdánwò kan ṣoṣo yìí ló ń pín ẹjọ́ sí méjì, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í ṣe é.

Mọ́tò tòkunbọ̀ nílò ojú tó mọ́lẹ̀ jù. Òmíràn tí àwo orúkọ rẹ̀ wí pé 460 fólítì ní 60 Hz, nǹkan bíi 383 fólítì ló yẹ kó rí ní 50 Hz. Òmíràn wí pé 230 tàbí 400. Ẹni tó bá ra dráìfù kékeré tí ń gba féèsì kan, tí ń yọ tíríì-féèsì 230, gbọ́dọ̀ so mọ́tò yẹn ní dẹ́lítà. Bó bá so ó ní sítáà, mọ́tò kò ní lágbára, yóò gbóná, wọ́n á sì ní dráìfù ni kò dáa. Àṣìṣe tó burú jù lọ ni kí wọ́n gbé iná nẹ́pà sórí U, V, W. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ààbò kan kù. Ọ̀pọ̀ dráìfù ní ètò tó ń jẹ́ kó tún ara rẹ̀ gbé dìde lẹ́yìn tó bá já. Ó dára fún pọ́ọ̀ǹpù tó wà nínú kànga jíjìn. Níbi tí ọwọ́ èèyàn ti lè wọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹ pa ètò náà. Òṣìṣẹ́ tó ń yọ gbágùúdá tó há kò mọ̀ pé ẹ̀rọ kàn ń ka ìṣẹ́jú àáyá ni. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé òṣùwọ̀n ààbò sókè, tàbí kó fi wáyà dí ojú fíùsì, kí iṣẹ́ lè parí lónìí.

Ta ló yẹ kó yí ìwà padà?

Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn. Wọ́n ń sanwó fún oníṣẹ́ iná nígbà tí ẹ̀rọ bá yí, wọn kì í sanwó fún ẹni tó rí ìdí tó fi dúró. Irú ìsanwó bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti tẹ rísẹ́ẹ̀tì. Ẹ bèèrè ìdí, kí ẹ sì sanwó ìdí.

Federal Polytechnic, Ìlaró ti wà láàárín wa láti 1979, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iná. Àwọn tó ń gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nínú ìlú kò yẹ kí wọ́n jìnnà síra wọn. Ọjọ́ Sátidé kan lóṣù, níbi tí ọmọ iṣẹ́ lè gbé dráìfù tó jó wá kí wọ́n jọ tú u wò, yóò ṣe ìlú láǹfààní ju ìwé púpọ̀ lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín lè já lọ́la, ẹ so ìwé kan àti bírò mọ́ ẹ̀gbẹ́ dráìfù. Kóòdù, aago, fólítì tó ń wọlé, àti ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tó já: mẹ́rin yìí tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ rísẹ́ẹ̀tì kí ó tó kọ wọ́n sílẹ̀.